Amù Ìbíyẹmí

"Bí a ò bá ṣubú, a kì í mọ ẹrù ú dì." Ọ̀rọ̀ yìí a máa rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Ẹni tó ṣubú ṣáà ti da ẹrù nù. Kí ló tún kù tí yóò fi kọ́ ẹrù dídì? Ẹ fara balẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn àmọ̀kòkò ló ti ṣẹ̀ wá, ẹni tó sì kọ́kọ́ sọ ọ́ ni Awẹ̀ró, obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ dára, tí ẹnu rẹ̀ kò dára.

Kò sí ẹni tó ń mọ ìkòkò tó Awẹ̀ró ní abúlé wọn. Kò ṣubú rí, ìkòkò kò sì fọ́ mọ́ ọn lórí rí. Bí ìyàwó ilé kan bá ṣubú lọ́nà ọjà, Awẹ̀ró á ní, "Ṣé ojú fọ́ ni?" Á sì kọjá lọ.

Ìyá ọkọ rẹ̀ nìkan ni kò rí kọjá. Ìyá Ọ̀jẹ́túndé, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá ọkọ náà, kì í jẹ́ kí ẹrù kúrò nílé láìbéèrè pé, "Awẹ̀ró, o ti fi koríko sí i?" Ó fẹ́ kí koríko gbígbẹ wà láàárín ìkòkò kan àti èkejì, kí ó tún wà nídìí àwọ̀n tí wọ́n fi ń rù ú. Àràárọ̀ ni. Ìbéèrè yẹn a máa sú Awẹ̀ró dé ọkàn. "Mo ti fi sí i, Ìyá," ni yóò wí, bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn kò fi nǹkan kan sí i.

Ó wá kan ìgbéyàwó Ìbíyẹmí, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Awẹ̀ró bí. Lọ́dọ̀ wọn, ìyá ìyàwó ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ amù, ìkòkò omi ńlá tí ọmọ yóò lò nílé ọkọ, òun náà ni yóò sì rù ú dé ibẹ̀. Ìyàwó tí amù rẹ̀ kò bá dé, Atọrọ-omi-mu ni àwọn ìyálé ilé yóò máa pè é. Awẹ̀ró mọ amù náà títí ó fi ń dán. Ó kó àwo kéékèèké sínú rẹ̀, ó sì fi okùn dì í pinpin.

"Awẹ̀ró, o ti fi koríko sí i?"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ráyè. Mo ti dì í le."

Nígbà tí wọ́n ń la odò kọjá, òkúta yọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Dídì tó dì í le yẹn gan-an ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́: kò sí koríko láàárín, àwọn àwo inú gbá amù, amù fọ́ yángá. Awẹ̀ró jókòó sínú omi, ó sì sunkún bí ọmọdé. Àwọn obìnrin tó ń sìn wọ́n lọ dúró, wọ́n ń wò ó. Ó ń retí "Ṣé ojú fọ́ ni?" lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n ẹnì kankan kò wí i.

Ìyá Ọ̀jẹ́túndé, tó wà láàárín wọn, ká ìró rẹ̀ sókè, ó wọ inú omi, ó jókòó tì í. Ìgbà náà ni Awẹ̀ró rí àpá gígùn kan lójúgun ìyá náà.

"Ìyá, kí ló ṣe yín lẹ́sẹ̀?"

"Odò yìí náà ni. Amù ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ obìnrin ló fọ́ mọ́ mi lórí níbí, àpáàdì rẹ̀ ló gé mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi koríko sí i."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?"

"Mo ń sọ ọ́ láràárọ̀, ọmọ mi."

Ojú ti Awẹ̀ró, síbẹ̀ ara tù ú. Àwọn méjèèjì jọ ṣa àpáàdì náà. Ìbíyẹmí wọlé ọkọ láìsí amù, wọ́n sì pè é ní Atọrọ-omi-mu lóòótọ́. Ó dun ìyá rẹ̀ wọra.

Awẹ̀ró gún àpáàdì náà kúnná, ó pò ó mọ́ amọ̀ tuntun, nítorí amọ̀ tó ti la iná kọjá rí ni kì í jẹ́ kí amọ̀ tuntun sán nínú iná. Amù kejì jáde pẹ̀lú àmì pupa wínníwínní lára, tí èkíní kò ní. Ó fi koríko yí i ká, ó rọra rù ú, ó sì dé láyọ̀. Àwọn ìyálé tó ń fi Ìbíyẹmí ṣe yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń fọwọ́ pa amù náà lára, tí wọ́n ń béèrè ẹni tó mọ ọ́n.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìyàwó kékeré kan ṣubú lọ́nà ọjà, ìkòkò rẹ̀ sì fọ́. Nígbà tó rí Awẹ̀ró tó ń bọ̀, ó fọwọ́ bojú, ó ń dúró de èébú. Awẹ̀ró sọ ẹrù tirẹ̀ kalẹ̀, ó jókòó tì í nínú ẹrẹ̀.

"Dákẹ́, ìyàwó wa," ni ó wí. "Bí a ò bá ṣubú, a kì í mọ ẹrù ú dì."

Ó fa koríko yọ nínú àwọ̀n rẹ̀, ó sì pín in fún un. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá pa òwe yìí fún yín, ẹ má bínú sí i. Òun náà ti jókòó sínú omi rí.