Kíjìpá Ọdún Tí Ọyẹ́ Kò Wá

Obìnrin kan wà ní ìlú kan lórí òkè. Ahunṣọ ni, kíjìpá ló sì ń hun. Mo mọ̀ ọ́n dójú, Tísà, nítorí ìlú ìyá mi ni ìlú náà. Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe fún ọ ná, kí n tó dá ọ lóhùn lórí ọ̀rọ̀ tí o gbé wá bá mi.

Ìwọ tí a bí sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ kò lè mọ bí ọyẹ́ ti ń mú lórí òkè yẹn. Láàárọ̀, omi inú ìkòkò a máa ta ni lọ́wọ́. Epo a dì gbagidi nínú ìgò. Ètè àwọn ọmọdé a là, àwọn àgbà a sì jókòó ti iná títí oòrùn yóò fi ga. Kíjìpá ló ń gbà wọ́n lọ́wọ́ òtútù náà, aṣọ òwú tó nípọn, tí àwọn obìnrin ìlú náà ń hun nínú ilé wọn. Kò sí ìlú tó mọ̀ ọ́n hun tó wọn. Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, àwọn oníṣòwò a gun òkè wá láti ọ̀nà jíjìn wá rà á. Bí ènìyàn bá sọ pé orí òkè ni kíjìpá òun ti wá, kò sí ẹni tí yóò tún yẹ̀ ẹ́ wò.

Nínú gbogbo wọn, obìnrin yìí ló mọ̀ ọ́n hun jù. N kò ní sọ fún ọ pé onírẹ̀lẹ̀ ni. Bí o bá kí i pé ó kú iṣẹ́, yóò ní kí o sún mọ́ òun, kí o fọwọ́ kan aṣọ náà. Ẹnu ọ̀nà tí oòrùn ń gbà wọlé ló gbé òfì rẹ̀ kọjú sí, kí ó lè máa rí ìmọ́lẹ̀ láti ẹ̀yìn aṣọ bí ó ti ń hun ún lọ. Bí ìmọ́lẹ̀ bá gba ojú òwú kọjá níbì kan, yóò tú ibẹ̀, yóò sì tún un hun. Bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Àwọn kan ní ìgbéraga ti pọ̀ jù lára rẹ̀. Ó gbọ́, kò sì bá wọn jà. Ó kàn ní ẹni tó mọṣẹ́, tó wá ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, irọ́ ni olúwarẹ̀ ń pa.

Ọdún kan wá dé tí ọyẹ́ kò wá.

Òjò dáwọ́ dúró bó ti yẹ. Koríko gbẹ. Àwọn ènìyàn kó igi ìdáná jọ, wọ́n sì ń retí afẹ́fẹ́ tútù láti òkè ọya. Afẹ́fẹ́ náà kò fẹ́. Wọ́n ní ó kàn pẹ́ ni. Kérésìmesì dé, ó kọjá, ooru ń mú. Ọdún tuntun wọlé, ooru ṣì ń mú. Ní àsìkò tó yẹ kí àwọn ọkùnrin máa gbọ̀n, wọ́n bọ́ ẹ̀wù, wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara. Àwọn ènìyàn ń tẹ́ ẹní síta gbangba láti sùn. Àwọn arúgbó tó ti rí ọ̀pọ̀ nǹkan ní àwọn kò rí irú èyí rí. Ọjà nìkan ló tutù ní ìlú náà lọ́dún yẹn, nítorí ta ni yóò ra kíjìpá nínú ooru?

Àwọn ahunṣọ ní olórí kan, obìnrin tó lọ́gbọ́n lórí, tó sì dàgbà ju obìnrin tí mo ń wí yìí lọ. Ògiri kan ṣoṣo ló pààlà sáàárín agbolé wọn. Olórí yìí pe àwọn obìnrin jọ, ó sì sọ èrò rẹ̀ fún wọn. Ó ní ọyẹ́ ló máa ń dán kíjìpá wò, lọ́dún yìí kò sì sí ohun tí yóò dán an wò. Kí ló dé tí àwọn ń pa ara àwọn? Kí wọ́n máa hun ún ní gbàgẹ̀rẹ̀, kí wọ́n fo òwú. Bí wọ́n bá parí, kí wọ́n rì í sínú sítáàṣì tí wọ́n fi gbágùúdá ṣe, kí wọ́n sá a sóòrùn. Yóò le, yóò sì dà bí ohun tó nípọn lọ́wọ́ ẹni tó bá dì í mú. Àwọn ènìyàn yóò rà á nítorí orúkọ ìlú. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Iṣẹ́ yá. Nítorí pé kò gba òwú púpọ̀, wọ́n ń tà á ní ọ̀pọ̀, àwọn oníṣòwò sì ń rà á. N kò pè wọ́n ní ènìyàn burúkú, Tísà. Wọ́n ní ọmọ tí wọ́n ń bọ́.

Obìnrin tiwa kò bá wọn lọ́wọ́ sí i. Ó ń hun kíjìpá rẹ̀ bó ti ń hun ún tẹ́lẹ̀, kò sì rí tà. Ó ń ká wọn jọ sínú yàrá. Àwọn obìnrin agbolé kejì sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n ń pè é ní Adúródọyẹ́, nítorí ó dà bí ẹni pé òun nìkan ló ṣì ń retí ọyẹ́. Ọkọ rẹ̀, tí í ṣe ẹni jẹ́jẹ́, bá a sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní òun kò fi ipá mú un, ṣùgbọ́n kí ó ro ti ìkòkò ọbẹ̀. Ó dá ọkọ rẹ̀ lóhùn pé:

“Aṣọ fẹ́lẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní kí n hun aṣọ fẹ́lẹ́ fún òun, n óò hun ún, n óò sì pè é ní aṣọ fẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tí mo bá pè ní kíjìpá, kíjìpá ni yóò jẹ́.”

Má rò pé ó rọrùn fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ èyí fún mi. Ó ní ní ọ̀sán ọjọ́ kan, òun nìkan ló wà nílé. Apá ń dun ún. Ó ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn obìnrin lódìkejì ògiri. Ó wo àwọn aṣọ tó wà nílẹ̀ láìsí olùrà, ọwọ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fo òwú. Ó yá a lára. Kò pẹ́ tó fi hun tó ìwọ̀n apá kan. Nígbà tó gbójú sókè, oòrùn ń gba inú aṣọ náà wọlé, ó ń tàn sí i lójú. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tó rí i. Ó jókòó bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ọkàn rẹ̀ bàjẹ́, ó ń bi ara rẹ̀ pé ta gan-an ni òun ń hun kíjìpá fún. Ó bá tú u. Ó ní ìbínú ni òun fi tú u, kì í ṣe ìwà mímọ́. Òun kò kàn lè fara dà á kí irú nǹkan báyẹn wà lórí òfì òun.

Olórí àwọn ahunṣọ ní ọmọkùnrin kan, ìyàwó ọmọ náà sì lóyún. Oṣù rẹ̀ kò tíì pé. Lọ́jọ́ kan tí oòrùn mú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ewúrẹ́ kò kúrò lábẹ́ igi, ìrọbí mú un lójijì. Ọkọ rẹ̀ sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ wá mọ́tò tí yóò gbé e lọ sí ọsibítù. Kí ó tó padà, ọmọ ti dé. Obìnrin ni. Ó kéré débi pé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì agbẹ̀bí tí wọ́n sáré pè gbà á tán. Ó ń mí, ṣùgbọ́n kò ké. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù bí òkúta inú odò.

Wo nǹkan, Tísà. Gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá náà ló ń làágùn. Òógùn ń kán láti àgbọ̀n agbẹ̀bí. Síbẹ̀ òtútù ń pa ọmọ kan lọ níṣojú wọn.

Agbẹ̀bí náà mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Ó gbé ọmọ náà ní ìhòòhò lé àyà ìyá rẹ̀, kí ara kan ara. Ó ní kí wọ́n mú kíjìpá wá, kí òun fi dì wọ́n pọ̀, kí afẹ́fẹ́ má ráàyè wọlé. Olórí àwọn ahunṣọ sáré mú ọ̀kan wá láti inú tirẹ̀. Tuntun ni, ó sì le gbandi. Agbẹ̀bí fi dì wọ́n. Omi ìbímọ àti òógùn ìyá kàn án, sítáàṣì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Aṣọ náà rọ, ó rún, ó sì di asẹ́. Wọ́n mú òmíràn wá. Bákan náà ni. Agbẹ̀bí wo aṣọ, ó wo ẹni tó hun ún. Kò ní kí wọ́n mú ẹ̀kẹta wá.

Olórí àwọn ahunṣọ kò rán ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ ló yí ògiri náà ká láìwọ bàtà, tó wọlé tọ obìnrin tí wọ́n ń pè ní Adúródọyẹ́. Ó bá a nídìí òfì. Ó ní, “Dákun, fún mi ní kíjìpá kan. Ọmọ ọmọ mi ń kú lọ.”

Ẹnu ya ahunṣọ náà. Ó ní, “Ìyá, ṣebí kíjìpá kún ilé yín?”

Obìnrin àgbà náà dúró. Ó ní, “Tèmi kì í ṣe kíjìpá.”

Ahunṣọ náà kò jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó wọ yàrá, ó fa èyí tó dára jù lọ yọ, àwọn méjèèjì sì sáré jáde. Òun fúnra rẹ̀ ló bá agbẹ̀bí dì í. Wọ́n fi wé ìyá àti ọmọ láti ọrùn dé ìbàdí, orí ọmọ nìkan ló yọ síta, wọ́n sì fi aṣọ kékeré bò ó. Òógùn bo ìyá ọmọ, ṣùgbọ́n kò ní kí wọ́n tú u. Wọ́n jókòó yí i ká. Lóòrèkóòrè, agbẹ̀bí a ti ìka bọ abẹ́ aṣọ láti fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ náà, a sì fà á yọ. Oòrùn ń lọ sílẹ̀. Nígbà tó tún ti ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ, ó fi í síbẹ̀ pẹ́.

Ó ní, “Ó ti ń gbóná.”

Ọmọ náà ké, bí ẹni pé òròmọdìyẹ ló ń ké. Olórí àwọn ahunṣọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì sunkún wọ́ọ́rọ́wọ́. Ahunṣọ tiwa jókòó tì í títí mọ́tò fi dé. Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì fọwọ́ sí abẹ́ aṣọ náà, ó ní kí wọ́n má ì tú u. Ó béèrè ibi tí wọ́n ti rí irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Ìyá ọmọ náà, tí ó ti rẹ̀ débi pé kò lè gbórí sókè, gbé e sókè nígbà náà. Ó ní ìlú àwọn ni wọ́n ti ń hun ún.

Má rò pé ọyẹ́ padà wá dá obìnrin náà láre. Kò wá rárá lọ́dún yẹn. Ooru náà ni wọ́n wà nínú rẹ̀ tí òjò fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, olórí àwọn ahunṣọ kó gbogbo aṣọ onísítáàṣì rẹ̀ jáde, ó fọ̀ wọ́n lójú gbogbo àwọn obìnrin, ó nà wọ́n sórí okùn kí wọ́n rí bí wọ́n ti rí gan-an, ó sì ní láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tó bá hun fẹ́lẹ́, kí ó pè é ní fẹ́lẹ́. Kò sí ẹni tó bá a jiyàn.

Ọmọ náà yè. Nígbà tí wọ́n gbé e dé láti ọsibítù tí wọ́n sì ń ṣe ìdúpẹ́, ẹnì kan bi ahunṣọ náà bóyá ẹ̀mí ló sọ fún un pé wọn yóò nílò kíjìpá lọ́dún náà. Ó gbé àgbọ̀n sókè. Ó ní, “Rárá. N kò mọ̀ pé ọmọ kankan ń bọ̀. Kíjìpá ni mo ń hun.” Wọ́n gbé ọmọ lé e lọ́wọ́. Etí aṣọ ló kọ́kọ́ wò, bóyá ó ti ń tú, kí ó tó wo ojú ọmọ. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, òun náà sì rẹ́rìn-ín.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tìrẹ, Tísà. O ní láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ọ wá sí ilé ìwé abúlé wa yìí, alábẹ̀wò kan kò tíì yọjú. O ní àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ń fi ọ̀sán lọ sóko, wọ́n sì ń kọ sílẹ̀ pé àwọn kọ́ ohun tí wọn kò kọ́. O ní ó ti rẹ̀ ọ́. O bi mí pé bí ìwọ náà bá dín iṣẹ́ rẹ kù, ta ni yóò mọ̀.

Ó lè má sí ẹni tí yóò mọ̀. N kò ní tàn ọ́ pé alábẹ̀wò yóò dé lọ́la. Ó lè má dé títí ìwọ náà yóò fi fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn ọmọ tó ń jókòó níwájú rẹ, òtútù ń mú ẹnì kan. N kò mọ orúkọ rẹ̀, ìwọ náà kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí o bá kọ́ ọ ní ọ̀sán gangan, tí àwọn yòókù ń tòògbé lórí ìjókòó, ni yóò fi bora lọ́jọ́ kan tí o kò ní sí níbẹ̀ láti rí i.

Bí o bá sì ṣe é pé, yangàn. N kò ní kí o tẹrí ba. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ pé nígbà tí kò sí ẹni tó ń wò ó, ó tọ́ sí i kí ó rìn láàárín ìlú kí orí rẹ̀ wà lókè. Irú wọn ló kọ́ èmi náà, mo sì ń fi wọ́n yangàn títí dòní.

Láàárọ̀ ọ̀la, àwọn ọmọ náà yóò dìde fún ọ, wọn yóò pa ohùn pọ̀ pé, “Ẹ káàárọ̀, Tísà.” Kí o rí i pé ẹni tí wọ́n ń kí wà níbẹ̀.