Táyé àti Kẹ́hìndé Inú Kọ̀ǹpútà

Gbàdéró àti Mosúnmọ́lá jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ní Òṣogbo. Àwọn ló ń kọ kóòdù, ìyẹn àwọn àṣẹ tó ń darí ẹ̀rọ, fún àpótí gíláàsì tí ilé ìwòsàn máa ń tẹ́ ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé sí, kí òtútù má baà pa á. Ẹ̀rọ kì í lo kóòdù ní tútù. Kọ̀ǹpútà ní láti kọ́kọ́ sè é, ìyẹn ni pé kó sọ ọ́ di èdè tí ẹ̀rọ ń gbọ́. Sísè náà ni wọ́n ń pè é lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Ewu ibẹ̀ ni pé bó bá ti jinná tán, ojú kò lè mọ fódà, ìyẹn àpò inú kọ̀ǹpútà tí wọ́n kó o sí, tó ti wá mọ́.

Oríṣi kóòdù méjì ni wọ́n ní lọ́wọ́, kálukú nínú fódà tirẹ̀. Ọ̀kan ti dàgbà, ó sì ti ń tọ́jú ọmọ láìṣe ọmọ kankan níbi. Èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè bọ̀ ni, kò tíì mọ bí a ṣe ń ka ìgbóná ara ọmọ bó ti yẹ. Mosúnmọ́lá, tó jẹ́ àgbà láàárín wọn, ló sọ fódà méjèèjì lórúkọ: Táyé àti Kẹ́hìndé. Orúkọ náà pa gbogbo ilé iṣẹ́ lẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó béèrè èwo ni èwo, nítorí kálukú gbà pé òun mọ̀.

Lọ́sẹ̀ tí Mosúnmọ́lá lọ sìnkú nílùú Ìlá, Ìbídùn, ìyàwó Gbàdéró, bímọ lóṣù keje. Inú ọ̀kan nínú àpótí wọn ni wọ́n tẹ́ ọmọ náà sí. Kò pẹ́ tí agogo ìkìlọ̀ àpótí náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún láìnídìí, tí ó sì ń já ìyá ọmọ láyà. Gbàdéró ní òun yóò tún èyí tó dàgbà ṣe. Ó wo orúkọ méjèèjì. Ó ní, "Táyé ló kọ́kọ́ wáyé." Ó tún Táyé ṣe, ó sè é, kọ̀ǹpútà kò ráhùn rárá. Kò tilẹ̀ dán an wò lórí àpótí òfìfo kó tó gbé e sínú ti ọmọ rẹ̀. Ìkánjú baba ọmọ ni.

Agogo náà dákẹ́. Gbàdéró dúró ti àpótí náà, ó ń wo nọ́ńbà ìgbóná ara ọmọ. Kò gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀. Bó ti ń wò ó ló rí i pé nǹkan kò dára, nítorí ara alààyè kì í dúró sójú kan bẹ́ẹ̀. Ó pe Mosúnmọ́lá lórí fóònù.

"Àǹtí Mosún, ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà yìí ò mì!"

"Èwo lo sè?"

"Táyé ni. Ṣebí òun lẹ̀gbọ́n?"

"Yéè, mo gbé! Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n! Kẹ́hìndé ló rán Táyé kó lọ tọ́ ayé wò! Táyé ni tuntun! Gbàdéró, gbé ọmọ yẹn jáde!"

Gbàdéró fa ilẹ̀kùn gíláàsì, ọwọ́ rẹ̀ ń yọ̀. Ìbídùn tì í sẹ́yìn, ó ki ọwọ́ bọ inú àpótí. Ara ọmọ gbóná janjan. Ó gbé e lé àyà, ọmọ kò ké. Àwọn nọ́ọ̀sì sáré dé, wọ́n ń fi aṣọ tí wọ́n rẹ sómi nù ún lára. Ẹ̀rù ba Gbàdéró débi pé kò lè wo ọmọ. Ojú ìyàwó rẹ̀ ló ń wò, bóyá yóò yí padà. Ìgbà tí ọmọ náà sín, tó sì bú sẹ́kún, ni baba rẹ̀ tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ta ló fọwọ́ kan àpótí yìí?" ni Ìbídùn bi í.

"Èmi ni. Mo rò pé mo mọ ìtumọ̀ orúkọ tí wọ́n sọ kóòdù náà."

Ìbídùn yí ẹ̀yìn sí i, ó di ọmọ rẹ̀ mú.

Ọmọ náà yè. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọjọ́ náà kò kúrò nílé iṣẹ́ wọn, òun ló sì bí òwe tí àwọn àgbà ibẹ̀ ń pa fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sè kóòdù tí kì í ṣe òun ló tọ́jú rẹ̀: Bi ẹni tó sọ ọmọ lórúkọ, kí o tó pe Táyé ní ẹ̀gbọ́n.