Èérún Ẹran Lórí Ọbẹ̀ Marúgbó

Ọkùnrin kan wà, ọmọ ọdẹ ni, ará Òkè-Ògùn lọ́hùn-ún. Iṣẹ́ ló gbé e dé ìlú òyìnbó kan tí òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ohun à ń fẹnu sọ. Òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn kékeré ni wọ́n jọ ń gbé ibẹ̀. Adéníran, fara balẹ̀ kí o gbọ́ o. Mi ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn.

Nígbà tí ọkùnrin yìí wà ní kékeré, tí bàbá rẹ̀ bá pa túùkú, ẹlẹ́dẹ̀ inú igbó, ìyá rẹ̀ ló máa ń tò ó sínú apẹ̀rẹ̀ lórí àjà lókè ààrò. Kò ní jẹ́ kí iná jó burúkú. Èéfín ló ń fẹ́. Èéfín yẹn á rọra máa gun ẹran náà títí tí yóò fi pọ́n, tí yóò gbẹ, tí òórùn rẹ̀ yóò gba gbogbo agbo ilé kan. Ẹran ńláńlá, ọjà ló ń lọ. Itan jẹ́ ti àwọn àgbà. Àyà jẹ́ ti ọdẹ tó pa á. Ta ni yóò gé itan túùkú fún ọmọ tó kéré jù nínú ilé? Kò sí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kó ẹran kúrò nínú apẹ̀rẹ̀ tán, èérún rẹ̀ máa ń kù sí ìdí apẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ̀ á gbọn èérún náà jọ sínú àwo, á bù ú sí ọbẹ̀ rẹ̀, á ní, "Ti àbíkẹ́yìn mi nìyí." Gbogbo agbo ilé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan ò jẹ́ fọwọ́ kan án. Nínú ilé tí èèyàn pọ̀ tó yẹn, ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ tirẹ̀, tí kò bá ẹnikẹ́ni pín, òun náà ni.

Ìyá yẹn kú nígbà tí ọmọ wà lókè òkun. Ìwé ìgbélùú ọkùnrin náà ò tíì jáde, kò sí bó ṣe lè wálé. Inú fóònù ló ti rí i bí wọ́n ṣe ń gbé ìyá rẹ̀ sínú ilẹ̀. Ó dùn ún wọ egungun. Láti ìgbà náà, bí ìyàwó bá gbé oúnjẹ wá, ó ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹni ń lo oògùn ló ṣe ń jẹ ẹ́. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló fẹ́ jẹ, á ní ohunkóhun. Ẹni tó bá ń jẹ ohunkóhun, oúnjẹ ti sú onítọ̀hún.

Ní ọjọ́ kan, ó yà sí ilé ìtajà láti ra búrẹ́dì. Ó rí ọ̀rá kékeré kan tí wọ́n di ẹran sí. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni, wọ́n ti fi èéfín yan án, wọ́n ti rún un wẹ́wẹ́, kéèyàn kàn bù ú sóúnjẹ ló kù. Ó rà á lásán ni, kò rò ó sí nǹkan kan. Ó délé, ó já ọ̀rá náà. Òórùn èéfín kọ lù ú nímú. Yéè! Ó di etí tábìlì mú. Ó ní, "Màámi." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìdáná, ó sunkún bí ọmọdé.

Ṣé a lè bá a wí? A ò lè bá a wí. Ẹni tí àárò ìyá ò bá tíì sọ rí ni yóò fi í rẹ́rìn-ín.

Ó bù ú sí ẹ̀wà, ẹ̀wà dùn. Ó bù ú sí ẹyin díndín, ó fi ìka nu àwo. Inú ìyàwó rẹ̀ dùn dẹ́yìn pé ọkọ òun ti ń jẹun. Òun fúnra rẹ̀ ló tún ń ra ẹran inú ọ̀rá yìí wálé. Ó ń fi àlùbọ́sà dín in, ó ń dà á sí ìrẹsì, ó ń bù ú sórí iṣu sísè. Ó ní ohunkóhun tí ọkọ òun bá ti lè jẹ, òun fara mọ́ ọn.

Ìyẹn ò tó ọkùnrin náà. Ó gbé ọ̀rá kúrò ní ilé ìdáná, ó gbé e wá sórí tábìlì. Nígbà tó yá, kò sí ọbẹ̀ tí wọ́n lè gbé síwájú rẹ̀ tí kò ní kọ́kọ́ dà á sí. Mo ní kó tó tọ́ ọ wò o! O mọ bí a ṣe ń ṣe nílé wa. Ẹni tí wọ́n gbé oúnjẹ fún á kọ́kọ́ fi òkèlè kan kan ọbẹ̀, á mọ̀ ọ́n lẹ́nu, á ní, "O kú ìdáná." Bí iyọ̀ bá wá kù díẹ̀ káàtó, ìgbà náà ni yóò béèrè. Ẹni tó bá bu iyọ̀ sí ọbẹ̀ láìtíì tọ́ ọ wò ti bú ẹni tó sè é. Ọkùnrin yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àárò ni kò jẹ́ kó rántí.

Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Ìlàjẹ ni, ọmọ etí omi. Òun náà fi ìyá sílẹ̀ nílé, òun náà fi ọbẹ̀ sílẹ̀. Ewé kan wà lọ́dọ̀ wọn tí wọ́n ń pè ní marúgbó, òun ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀ dúdú kan tí ará ibòmíràn kì í sábà mọ̀. Láti ìgbà tó ti dé ìlú òtútù yẹn, kò fojú kàn án. Àárò rẹ̀ ń sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó bi í.

Nígbà tó ṣe, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin rí ẹni tó ń lọ sókè òkun, ó fi ìdì kan rán an. Ó ti sá marúgbó náà gbẹ, ó wé e sínú bébà, ó fi edé àti ẹja gbígbẹ díẹ̀ sí i. Obìnrin náà tú ìdì náà, ó gbé e sí imú. Lọ́jọ́ ìsinmi, ó ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó se ọbẹ̀. Ó rò ó bí ìyá rẹ̀ ṣe ń rò ó. Bó ti ń sè é ló ń kọrin, ó sì ya ọmọ wọn lẹ́nu, nítorí kò gbọ́ orin yẹn rí. Kò fi ṣíbí kan pamọ́ di ọ̀la. Gbogbo ewé náà ló fi sè é, ó ní kí ọkọ òun lè mọ ilé tí òun ti wá.

Ó gbé e kalẹ̀. Ó jókòó sí iwájú ọkọ rẹ̀, kò fọwọ́ kan tirẹ̀, ó ń wo ẹnu ọkọ. Ó ní, "Bàbá Ìrètí, ọbẹ̀ ilé wa nìyí o. Òun ni màámi fi tọ́ mi."

Ọkọ ní, "Ẹn-ẹn, ó mà dáa o." Ọwọ́ rẹ̀ ti wà nínú ọ̀rá ẹran. Ó gbọ̀n ọ́n, ó gbọ̀n ọ́n, títí tí a ò fi rí dúdú ọbẹ̀ mọ́. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fọwọ́, ó ní òun yó, ó dìde.

Obìnrin náà kó àwo. Kò jà. Ì bá jẹ́ pé ó jà, ì bá sàn. Obìnrin tó ń bá ọkọ jà ṣì ń retí nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, ó yọ iyọ̀ kúrò nínú oúnjẹ ọkọ. Ó yọ ata, ó yọ irú. Ó ń se tòun àti ọmọ lọ́tọ̀, ó ń fi omi lásán se ti bàbá. Ọkùnrin náà ń da ẹran inú ọ̀rá lé e, ó ń jẹ ẹ́ ní àjẹtán. Kò mọ̀! Ẹ gbà mí, ọkùnrin yìí ò mọ̀. Ó tilẹ̀ ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ pé ìyàwó òun mọ oúnjẹ sè.

Ó di ìgbà kan, yìnyín rọ̀ títí, ó dí gbogbo ọ̀nà. Ẹran inú ọ̀rá tán nílé, kò sí bí èèyàn ṣe lè jáde lọ ra òmíràn. Ìyàwó gbé oúnjẹ wá bó ti ń gbé e wá. Ọkùnrin náà wá ọ̀rá, kò rí i. Ó mí kanlẹ̀, ó fi òkèlè kan ọbẹ̀, ó fi sẹ́nu. Ó dúró.

Ó ní, "Ìyá Ìrètí, ọbẹ̀ yìí mà tẹ́. Kò ní iyọ̀ rárá."

Ìyàwó ní, "Ó ti ń tẹ́ tipẹ́."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí mo ti se marúgbó. Mo ní kí n wò ó bóyá ẹ ó mọ̀. Bí mo bá ti ń gbé e wá lójoojúmọ́, mo máa ń ní lọ́kàn mi pé òní lẹ ó mọ̀."

Kò pariwo. Bí ẹni ń sọ iye tí wọ́n ń ta gààrí ló ṣe sọ ọ́. Ọkùnrin náà ò lè gbé òkèlè kejì. Ojú tì í. Ó ní, "Jọ̀ọ́, tún marúgbó náà sè fún mi. Bó bá ṣe wà ni mo máa jẹ ẹ́."

Ìyàwó ní, "Ó ti tán. Gbogbo rẹ̀ ni mo sè lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi tó fi í ránṣẹ́ sì ti kó kúrò létí omi, kò ríbi já a mọ́."

Ó bi í pé, "Báwo ló ṣe máa ń rí lẹ́nu?"

Obìnrin náà wò ó. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ́."

Adéníran, gbọ́ ibí yìí dáadáa. Àárò ọbẹ̀ ìyá ọkùnrin náà ń sọ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó mọ bó ṣe ń rí lẹ́nu. Ó lè di ojú kó rántí. Marúgbó yìí wá di ohun tó ń wù ú ju gbogbo ọbẹ̀ lọ, ó sì ti gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kọjá, kò sì ní nǹkan kan tó lè rántí nínú rẹ̀. Èwo ló burú jù nínú àárò méjèèjì?

Ìyàwó dárí jì í. Èèyàn rere ni. Iyọ̀ padà sínú ọbẹ̀, ata padà, irú padà. Ọkùnrin náà ń tọ́ ọ wò, ó ń ní, "O kú ìdáná." Ṣùgbọ́n bí obìnrin náà bá ti gbé oúnjẹ kalẹ̀ tán, á yí padà sí iṣẹ́ tirẹ̀. Kò jókòó wo ẹnu rẹ̀ mọ́. Ohun tí ọkùnrin náà wá ń yán hànhàn fún láyé nìyẹn, kí obìnrin yẹn tún jókòó síwájú òun lẹ́ẹ̀kan, kó máa wo ẹnu òun. Kò sí ilé ìtajà tó ń tà á.

Ìwọ náà ńkọ́, Adéníran? Nígbà tí Ìyá Kọ́ládé, ìyàwó rẹ àkọ́fẹ́, kú, gbogbo wa la bá ọ sunkún. Obìnrin tó ṣeé sunkún ni. Ẹnikẹ́ni ò ní kí o gbàgbé rẹ̀, bí wọ́n bá sì sọ bẹ́ẹ̀, má dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n Fẹ́yiṣayọ̀, ìyàwó tí o gbé wọlé yìí, o ti fi ọ̀rọ̀ Ìyá Kọ́ládé bo gbogbo ohun tó ń ṣe. Ó gbálẹ̀, o ní bí Ìyá Kọ́ládé ṣe ń gbá a kọ́ nìyẹn. Ó kọrin ìsìn, o ní ohùn Ìyá Kọ́ládé ló dùn. Ó ra fìlà fún ọ, o ní Ìyá Kọ́ládé ló mọ àwọ̀ tó yẹ ọ́. Ó kọ́kọ́ ń bá ọ jà. Nísinsìnyí o wá sọ́dọ̀ mi, o ní kí n bá ọ dúpẹ́ pé kò jà mọ́, pé ilé ti tòrò. Ọpẹ́ kẹ̀! Orí rẹ pé ṣá?

Jẹ́ kí n bi ọ́ ní ìbéèrè kan. Bí o ti ń jáde nílé láàárọ̀ yìí, kí ni Fẹ́yiṣayọ̀ sọ fún ọ? Má wo òkè àjà. Kí ló sọ? Ó sọ nǹkan kan, kì í ṣe odi.

O ò mọ̀ ọ́n. Dìde. Mi ò ní gbàdúrà kankan fún ọ lónìí. Lọ sílé, kí o lọ bi í.