Ilé Tí Àkànjí Hun Dojú Bolẹ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí ẹ̀gà ṣì jẹ́ ẹyẹ tí kì í pariwo, ìdílé ẹ̀gà kọ̀ọ̀kan ní igi tirẹ̀. Kò sí ẹni tó ń lọ sílé ẹnìkejì. Bí ẹ̀gà méjì bá pàdé lọ́nà odò, wọn á kí ara wọn ní ohùn jẹ́jẹ́, oníkálukú á sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹ̀gà òde òní, mo mọ̀ pé ẹ ò ní fẹ́ gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí.

Láyé ìgbà náà, àwọn ìyá ló ń hun ilé. Koríko ni wọ́n fi ń hun ún, wọn á sì ṣí ẹnu rẹ̀ sókè kí wọ́n lè máa rí ojú ọ̀run. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n hun tó Ìyá Àkànjí. Ilé rẹ̀ a máa rí roboto, kì í sì í sí koríko kan tó yọrí síta. Òun náà mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n ṣe, kì í sì í jẹ́ kí ẹlòmíràn gbàgbé.

Ohun kan ló ń bà á nínú jẹ́. Nígbà òjò tó kọjá, omi kún inú ilé dáradára yìí, ó sì gbé ẹyin rẹ̀ lọ. Ìyá Àkànjí sunkún títí. Ó bú òjò, ó bú atẹ́gùn, ṣùgbọ́n kò bú ilé rẹ̀, nítorí kò rí àbùkù kankan lára ilé náà.

Nígbà tí òjò tún dé, ẹyin mìíràn ti wà níkùn rẹ̀. Ìgbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ni, Àkànjí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì wà nílé látàárọ̀ dalẹ́. Bàbá Àkànjí, tí kì í sábà sọ̀rọ̀, a ti tètè jáde lọ wá oúnjẹ. Ìyá nìkan ni ọmọ náà rí yọ lẹ́nu.

"Màmá, kí ló dé tí koríko yìí fi gba abẹ́ ìyẹn? Ẹ jẹ́ kí n bá yín fà á."

"Fi sílẹ̀, o máa bà á jẹ́."

"Díẹ̀ ni mo fẹ́ fà."

"Mo ní kó o fi sílẹ̀, Àkànjí."

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà sú u, ó mú ọmọ lọ sí ilé-ìwé Ìyá Àkókó.

Abẹ́ ọ̀pẹ gíga kan létí odò ni ilé-ìwé náà wà. Ìyá Àkókó kì í tì í nígbà ìsinmi, nígbà náà gan-an ló ń kún. Ọmọ ńlá àti ọmọ kékeré, ibì kan náà ni gbogbo wọn ń jókòó sí: àwọn ọmọ Ọ̀kẹ́rẹ́, àwọn ọmọ Àdàbà, àwọn ọmọ Akàn, àti ọmọ ẹ̀gà mélòó kan. Gbogbo nǹkan ibẹ̀ ló mọ níwọ̀n ọmọdé. Igbá kéékèèké wà fún omi, ìgbálẹ̀ kéékèèké wà fún àgbàlá, ebè kéékèèké sì wà fún àgbàdo. Ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń yan iṣẹ́ tó wù ú, kò sì sí ẹni tó ń kánjú gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ títí tí yóò fi yé e.

Òfin kan ṣoṣo ni Ìyá Àkókó fi lélẹ̀ fún àwọn òbí. "Ẹ fi ojú wò ó, ẹ má fi ẹnu kàn án," ló wí fún Ìyá Àkànjí. "Màmá tèmi kò bá mi gbẹ́ igi. Ká ní ó bá mi gbẹ́ ẹ ni, ẹnu mi ì bá rọ̀ títí di òní."

Ìyá Àkànjí ní òun ti gbọ́. Ó gbọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbígbọ́ yàtọ̀ sí gbígbà.

Iṣẹ́ omi ni Àkànjí kọ́kọ́ yàn. Wọn á bu omi láti inú igbá kan sí òmíràn, kò sì gbọdọ̀ dànù. Omi dà sí i lára, ó dà sí ẹni tó jókòó tì í lára, títí ó fi mọ̀ ọ́n bù. Bó bá parí, á fọ àwọn igbá náà, á sì tò wọ́n sórí àpáta. Lọ́jọ́ kan, ó ṣèèṣì da ojú ọ̀kan bolẹ̀, àwọn yòókù sì ṣíjú sókè. Òjò rọ̀. Nígbà tó dá, gbogbo igbá kún fún omi. Ó gbé èyí tó dojú bolẹ̀ sókè, ó rí i pé abẹ́ rẹ̀ gbẹ, èèrà kan sì ń rìn kiri níbẹ̀ bí ẹni pé òjò kò rọ̀ rárá.

Ọmọ náà jókòó ti igbá yìí pẹ́. Ìyá Àkókó rí i, kò sì bi í ní nǹkan kan.

Ní ọjọ́ kejì, Àkànjí ní iṣẹ́ híhun lòun fẹ́ ṣe. Ó gbìyànjú koríko, koríko já. Ó gòkè lọ sórí ọ̀pẹ, ó fi ẹnu ya ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, èyí kò já. Ṣùgbọ́n kí ẹnu ilé tó lè wà nísàlẹ̀ bíi ti igbá yẹn, ẹni tó ń hun ún ní láti dorí kodò. Bó bá ti dorí kodò, á já bọ́. Gbogbo ilé-ìwé fi í rẹ́rìn-ín, òun náà sì ń rẹ́rìn-ín.

Àṣàbí, ọmọ Ọ̀kẹ́rẹ́, tó jù ú lọ díẹ̀, ló wá gun ọ̀pẹ lọ bá a lókè. "Ẹnu nìkan lò ń rò," ó ní. "Wo ẹsẹ̀ mi. Fi tìẹ di imọ̀ ọ̀pẹ mú dáadáa kó o tó na ọrùn."

Bí Àkànjí ṣe kọ́ bí wọ́n ṣe ń dorí kodò nìyẹn. Ó hun ún, ó tú u, ó tún un hun. Nígbà tó parí, ilé náà wọ́ sápá kan, ewé sì yọrí síta káàkiri ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n òrùlé rẹ̀ dì, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó sì ti hun ìdènà kékeré kan sínú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, kí ohun tó bá wà níbẹ̀ má baà yí bọ́ sílẹ̀.

"Ta lo fẹ́ kó máa gbé inú rẹ̀?" Àṣàbí bi í.

"Ẹyin màmá mi ni," Àkànjí dáhùn. "Èyí tí òjò gbé lọ nígbà yẹn, àbúrò mi ni."

Bí ìsinmi ti ń parí lọ, Ìyá Àkókó pe gbogbo ẹbí kí wọ́n wá wo iṣẹ́ ọmọ wọn. Kí oòrùn tó yọ dáadáa, Ìyá Àkànjí ti dé. Kò sẹ́ni mìíràn níbẹ̀. Ó wòkè, ó rí ilé ọmọ rẹ̀, ojú sì tì í.

"Èwo nìyí?" ló ń bá ara rẹ̀ sọ. "Ilé wo ló ń dorí kodò? Gbogbo ìlú á sọ pé ọmọ Ìyá Àkànjí kò mọ ilé hun."

Kò yọjú sínú rẹ̀. Ká ní ó yọjú ni, bóyá ìbá rí ìdènà kékeré yẹn, ìbá sì ronú. Ẹnu kàn ń yún un ni. Ó tú ilé náà palẹ̀, ó já koríko wá, ó sì hun òmíràn síbẹ̀, roboto, ó mọ́ tónítóní, ó ṣí ẹnu sókè. Ẹ má bínú sí i jù. Ìfẹ́ ló fi ṣe é, àmọ́ ìfẹ́ náà ti kọjá àyè rẹ̀.

Kò pẹ́, abẹ́ ọ̀pẹ kún. Bàbá Ọ̀kẹ́rẹ́ gbé ẹkùrọ́ wá, àwọn Àdàbà gbé àgbàdo wá. Àwọn ìdílé ẹ̀gà náà wá, wọ́n jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ìṣe wọn, wọn kò sì sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣẹ́ wọn hàn. Ọmọ Akàn bu omi, ẹ̀kán kan kò dànù, inú ìyá rẹ̀ sì dùn débi pé kò mọ ẹ̀gbẹ́ tó ń fi rìn.

Ó kan Àkànjí. Gbogbo ojú gòkè.

"Ẹ wo ilé," ni Bàbá Ọ̀kẹ́rẹ́ wí. "Ọmọ yìí mọ iṣẹ́. Ta ló bí i?"

Ìyá Àkànjí na ọrùn kí wọ́n lè rí òun. Ọmọ rẹ̀ wo ilé náà, ó wo ilẹ̀, ó rí ewé ọ̀pẹ rẹ̀ tó ti rọ síbẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Bàbá," ó ní. "Kì í ṣe èmi ni mo hun èyí."

Àwọn ẹbí yíjú sí Ìyá Àkànjí.

"Àkànjí, mo kàn bá ẹ tún un ṣe díẹ̀ ni," ìyá rẹ̀ sọ.

"Ẹ ò tún un ṣe, Màmá. Ẹ tú u ni." Omi bọ́ lójú rẹ̀.

Àṣàbí kò lè pa á mọ́ra. "Ma, ẹ̀yin ló ń hun ún fún," ó ní. "Ó fẹ́ kí ẹ yé ẹyin yín síbẹ̀ kí òjò má baà gbé e lọ mọ́." Ó wá sọ ọ̀rọ̀ igbá, ó sọ ti abẹ́ rẹ̀ tó gbẹ.

Ìyá Àkànjí kò mọ ibi tí yóò gbójú sí. "Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ ni mo rò," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

"Òótọ́ ni," Ìyá Àkókó dá a lóhùn, "ṣùgbọ́n ẹ kò parí rẹ̀. Ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè."

Bó ti ń sọ bẹ́ẹ̀, ojú ọ̀run ṣú. Ìyá Àkànjí di ikùn rẹ̀ mú. Ẹyin ti fẹ́ bọ́, òjò sì ń bọ̀, kò sì sí ilé mìíràn nítòsí ju èyí tó ṣí ẹnu sókè yìí lọ.

"Màmá," Àkànjí ní, "ẹ jẹ́ kí n tún òmíràn hun."

Ìyá rẹ̀ wo ojú ọ̀run, ó wo ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á gidi. Ọdún kan gbáko ló ti ń sunkún ẹyin kan. "Hun ún," ló wí nígbẹ̀yìn.

Àkànjí fò lọ sórí imọ̀ mìíràn, ó fi ẹsẹ̀ dì í mú, ó dorí kodò. Àwọn ẹbí dìde. Àwọn Ọ̀kẹ́rẹ́ ń ya ewé ọ̀pẹ, àwọn Àdàbà ń gbé e gòkè, àwọn ìdílé ẹ̀gà tí kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ tò sórí imọ̀ ẹyọ kan, wọ́n ń na ewé sí i. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹnu kan ibi tó ń hun. Ìyá Àkànjí ti ẹnu tirẹ̀ bọ abẹ́ apá, nítorí ó mọ ara rẹ̀.

Ewé kan yọ̀ bọ́ lẹ́nu ọmọ náà, òun náà sì fẹ́ já bọ́. Nígbà náà ni Bàbá Àkànjí, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, la ẹnu. "Fà á, ọmọ mi! Dì í mú!"

Ẹ̀gà kankan kò pariwo bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn yòókù gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Fà á. Gba abẹ́ rẹ̀. Ó kù díẹ̀." Gbogbo ọ̀pẹ ń ké.

Ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ bá Àkànjí lórí kókó tó kẹ́yìn. Ó ta á, ó rọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ilé náà, ó sì ń gbọn ìyẹ́ apá méjèèjì kí ìyá rẹ̀ lè mọ̀ pé ó ti parí. Ìyá Àkànjí fò yí ilé náà po. Ó rí i pé ó wọ́. Ó rí ewé tó yọrí síta, kò sì fẹnu kàn án. Ó yọjú sínú, ó rí ìdènà kékeré náà, omi sì bọ́ lójú òun pẹ̀lú. Ó mú ìyẹ́ rírọ̀ díẹ̀ sẹ́nu, ó gba ìsàlẹ̀ wọlé.

Òjò rọ̀. Ilé tó ṣí ẹnu sókè kún fún omi, ó wúwo, ó já, ó bá odò lọ. Ti Àkànjí ń mì síhìn-ín, ó ń mì sọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n kò já. Nígbà tí òjò dá, Ìyá Àkànjí yọrí jáde láti ìsàlẹ̀. Kò sí omi kankan lára rẹ̀.

"Ẹyin mi wà níbí, ó gbẹ," ó ké sí gbogbo wọn. "Ọmọ mi ló hun ún. Èmi kò fẹnu kàn án."

Àwọn ìdílé ẹ̀gà kò padà sí igi wọn mọ́. Ta ni yóò padà sí ibi tí kò sí ẹni tí yóò bá a yọ̀ bí ọmọ rẹ̀ bá ṣe dáadáa?

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gà ti ń fi ewé ọ̀pẹ hun ilé tó dojú bolẹ̀, tí ìdílé púpọ̀ sì ń gbé pọ̀ lórí igi kan. Láti ọjọ́ náà ni akọ ẹ̀gà ti ń dorí kodò hun ilé, tí á sì gbọn ìyẹ́ apá nígbà tó bá parí. Abo á wò ó yíká, á yọjú sínú rẹ̀. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á gbé ìyẹ́ rírọ̀ wọlé. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á fò kúrò, kò ní bá a fa ewé kan, akọ náà á sì tú u, á tún un hun fúnra rẹ̀.

Àwọn ènìyàn a máa sọ pé ẹ̀gà ń pàtótó ẹnu. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ìdílé kan ló ń ké sí ìdílé kejì pé kí wọ́n sáré wá wo ohun tí ọmọ àwọn dá ṣe.