Fúláwà Iwájú Ilé

Ọkùnrin kan wà tó kọ́lé sí etí títì, tó sì mú ìyá rẹ̀ wá láti abúlé kó wá máa bá a gbé. Iwájú ilé ni ìyá yìí fi ṣe ibùjókòó. Tílẹ̀ bá ti mọ́, yóò na ẹsẹ̀ méjèèjì, yóò máa bó ẹ̀gúsí, kò sì sí ẹni tó máa kọjá tí kò ní kí. Bó bá kí ọ tán, yóò sọ ohun tí ọmọ rẹ̀ jẹ lánàá fún ọ, àti bí inú rẹ̀ ṣe gbà á.

Oníbúrẹ́dì kan wà tí òun àti ìyá jọ máa ń ṣe àpárá.

"Búrẹ́dì rẹ àná le bí òkúta o!"

"Màmá, búrẹ́dì kọ́. Eyín yín ló ti fẹ̀yìn tì."

Ìyá á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ojú ń ti ọmọ. Ọ̀gá ni níbi iṣẹ́, kò sì wù ú kí àwọn tó ń pè é ní sà máa gbọ́ ìròyìn inú rẹ̀ lójú títì. Kò lè ní kí ìyá òun panu mọ́. Ó bá ra fúláwà, irú èyí tí kì í wọ́wé tẹ̀ẹ̀rùn tòjò, ó gbìn ín yí iwájú ilé ká. Ó ní ẹwà ni.

Inú ìyá dùn. Òun gan-an ló ń bomi rin ín. Omi tó fi fọ ìrẹsì, ìdí fúláwà ni. Omi tó fi ṣan abọ́, ìdí fúláwà ni. Nígbà ọyẹ́, tí gbogbo koríko gbẹ, fúláwà tutù minimini. Ó tún ń súre fún un pé kó dàgbà.

Ó dàgbà. Ọmọ máa ń gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó gún régé, ṣùgbọ́n kì í fọwọ́ kan orí rẹ̀. Nígbà tó ga kọjá ẹni tó jókòó, ìkíni dín kù. Nígbà tó ga kọjá ẹni tó dúró, ìkíni tán.

"Ṣé mo ṣẹ ará àdúgbò ni?" Ìyá ló bi ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ó tì o, màmá. Ọwọ́ wọn ló dí."

Ìyá gbé igbá ẹ̀gúsí rẹ̀ wọ yàrá. Kí òjò tó padà dé, ó kú.

Oníbúrẹ́dì wá kí ọmọ, ó ká ọwọ́ lérí.

"Ọ̀gá, ìgbà wo lẹ tún mú màmá dé? A rò pé wọ́n ti padà sí abúlé tipẹ́tipẹ́ ni. Mo máa ń gbọ́ ohun tó jọ ohùn wọn, mo ní àárò wọn ló ń sọ mí."

Bó ṣe ń jáde lọ, ó yin fúláwà.

Nígbà tí wọ́n sìnkú tán, ọkùnrin yìí mú àdá, ó gé fúláwà dé ilẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, fúláwà hù padà, ó tún dí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni fúláwà máa ń ṣe. Ènìyàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi, o ní kí n júwe fúláwà tó dára fún iwájú ilé rẹ, torí bàbá rẹ ń pariwo kí gbogbo ẹni tó ń kọjá. Mo ti júwe rẹ̀. Gbìn ín, má sì fi omi dù ú. Ṣùgbọ́n kó o tó gé e, gbé àga jáde, kí bàbá jókòó. Ibi tí èjìká wọn bá mọ, ibẹ̀ ni kó o ti máa gé e.