Ìdí Tí Patanmọ́ Fi Ń Ká Ewé Rẹ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí ìkùukùu òwúrọ̀ ṣì máa ń pẹ́ lórí odò bí ẹni tí oorun kò tíì dá lójú rẹ̀, Patanmọ́ kò ní ẹ̀gún kankan. Ẹ̀bá odò ló ń gbé. Ó na ewé rẹ̀ sílẹ̀ gbalaja tọ̀sán tòru, kò tilẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń ká a.

Labalábá ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Orí ewé Patanmọ́ ló ti máa ń sinmi, tí yóò máa ròyìn òdìkejì odò fún un títí oorun yóò fi gbé àwọn méjèèjì lọ.

Ṣùgbọ́n ní àràárọ̀, bí Ẹtu bá ń lọ mumi, á tẹ Patanmọ́ mọ́lẹ̀ wómúwómú. Kò ní wolẹ̀, kò ní sọ pé pẹ̀lẹ́. Ó dun Patanmọ́ wọra.

Ó ké pe Igi Ọsàn tó wà nítòsí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní díẹ̀ nínú ẹ̀gún yín. Mo fẹ́ gbẹ̀san lára Ẹtu."

"Ọmọ mi, ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Ẹ̀gún ò sì mojú ẹnì kan. Ẹni tó bá ṣáà ti kàn án ló ń gún."

"Ẹ ṣáà fún mi, Bàbá."

Ọsàn mí kanlẹ̀, ó gbọn díẹ̀ sílẹ̀. Patanmọ́ tò wọ́n sára, ó fi ewé bò wọ́n.

Lọ́jọ́ kejì, ìkùukùu bo gbogbo ilẹ̀. Patanmọ́ dúró de Ẹtu, ó dúró títí, oorun bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún. Lójijì, nǹkan kàn án lórí ewé.

"Wàá gba tìẹ lónìí!" Ó sì gún un.

"Yéè! Ọ̀rẹ́ mi, èmi ni!"

Labalábá ni. Apá rẹ̀ kan ti ya.

"Mo sáré wá sọ fún ẹ ni. Mo ti bá ẹ bẹ Ẹtu. Ó ní òun ò mọ̀ pé ò ń jẹ̀rora. Ọ̀nà mìíràn ló gbà lónìí."

Patanmọ́ sunkún. Ojú tì í débi pé gbogbo ewé rẹ̀ ká jọ, ẹ̀gún sì hàn síta.

"Bí n ó ṣe máa ṣe nìyí," ó ní, "kí ẹni tó bá kàn mí lè tètè rí ẹ̀gún, kó sá fún un."

Ó wá yọ òdòdó rìbìtì kan sókè, ó rọ̀ bí òwú.

"Ibí yìí ni tìẹ. Ẹ̀gún ò sí ńbẹ̀."

Labalábá rà bàbà lókè fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà, tòun ti apá yíya, ó bà lé e.

Láti ọjọ́ náà ni Patanmọ́ ti ń ká ewé rẹ̀ bí nǹkan bá fara kàn án. Bó bá ṣe díẹ̀, á rọra ṣí i, á yọjú wò ó bóyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni.