Òkúta Omi Àbíyè

Ní ìlú Òkè-Ọsàn, ìyá àgbàlagbà kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró, ṣùgbọ́n tọmọdé tàgbà ló ń pè é ní Ìyá Olómi. Òun ni ìlú fi ṣọ́ Àbíyè, ìsun omi kan ṣoṣo tí gbogbo Òkè-Ọsàn ń mu. Omi rẹ̀ tutù, ó mọ́ gaara, òun sì ni wọ́n fi ń wẹ ọmọ tuntun ní ìlú náà. Àbùkù kan ló ní. Amọ̀ ni òkè tó wà lókè rẹ̀, bí òjò bá sì ti rọ̀, amọ̀ náà a máa ya wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òkúta tí wọ́n tò yí etí omi ká ni kò jẹ́ kó ráyè wọlé.

Ìdí tí wọ́n fi ń san òkúta nìyẹn. Lọ́dọọdún, bí ìkórè bá ti parí, ilé kọ̀ọ̀kan tó ń pọn omi Àbíyè yóò ru ẹrù òkúta wá fún Ìyá Olómi. Kò sí pé ẹnì kan lọ́lá jù ú lọ. Baálẹ̀ pàápàá ń san tirẹ̀. Ìyá náà yóò to òkúta tuntun sí etí omi, nítorí àwọn ti àtẹ̀yìnwá a máa rì sínú amọ̀. Ẹni tó bá wo ògiri òkúta náà láti òkè yóò rò pé kò sí ohun tó ṣe é. Ìsàlẹ̀ ni ọ̀ràn wà.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni Ìyá Olómi bí. Mojírayọ̀ ni orúkọ rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì fi í fún àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Ọdẹ́tọ́lá. Nígbà tí Mojírayọ̀ lóyún, tí ìrọbí mú un títí tí ọmọ kò wá, wọ́n gbé e sórí àga, ó di ọ̀dọ̀ àwọn agbẹ̀bí Ìsàlẹ̀-Odò, ìlú tó wà nísàlẹ̀ òkè. Ohun tí wọ́n ń pè ní ọ̀nà nígbà náà kì í ṣe ọ̀nà, ìyà ni. Òjò ti gbẹ́ ẹ ní kòtò kòtò. Ẹsẹ̀ àwọn tó gbé aboyún yọ̀ níbi tí òkè ti dà gẹ̀rẹ́, àga dojú dé, Mojírayọ̀ àti ọmọ inú rẹ̀ kò sì délé mọ́. Ó dun gbogbo ìlú dé egungun.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Ọdẹ́tọ́lá gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, ó ní òun yóò tún ọ̀nà náà ṣe. Ó ru iyanrìn láti odò, ó dà á sí kòtò, òjò gbé e lọ. Ó tún ru òmíràn, òjò tún gbé e lọ. Iyanrìn nìkan kò lè dúró bí kò bá sí òkúta lábẹ́ rẹ̀. Ó wá lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá mi, òkúta tí ìlú kó wá lọ́dún yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi. Kí ohun tó ṣe Mojírayọ̀ má tún ṣe ọmọ ẹlòmíràn."

Ìyá Olómi wo òkúta, ó wo àna rẹ̀, omi lé ròrò sí i lójú. Ta ni wọ́n máa bẹ̀ ní irú ẹ̀bẹ̀ yẹn tí yóò ní òun kò gbà? Èmi tí mò ń sọ̀tàn yìí, ẹnu mi kò ní gbé e.

"Kó o," ni ó wí. "Kó gbogbo rẹ̀. Àbíyè á lè fara dà á fún ọdún kan."

Ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í dára, inú ìlú sì dùn. Nígbà tí ọdún yípo, Ọdẹ́tọ́lá tún padà wá, nítorí ọ̀nà kò tíì dé ìdajì. Ìyá Olómi tún fún un. Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó tún ń bi í léèrè mọ́. Baálẹ̀ Láṣebìkan ní kí ilé kọ̀ọ̀kan máa ru òkúta omi rẹ̀ lọ sójú ọ̀nà tààrà, ó ní kí ni wọ́n ń gbé e dé etí omi fún tí wọ́n á tún gbé e kúrò níbẹ̀. Ojú gbangba ni ọ̀nà wà, gbogbo àlejò tó bá sì wọ̀lú ló ń yin Baálẹ̀ nítorí rẹ̀. Ta ló ń yin ògiri inú omi?

Ìyá Olómi lọ bá Baálẹ̀ nílé rẹ̀.

"Baálẹ̀, òkúta omi lẹ ń pè é, omi ò sì fojú kàn án mọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú èyí tó máa tó Àbíyè, kí ìyókù máa lọ sọ́nà."

Baálẹ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ìyá Olómi, èmi fúnra mi lọ wo ibẹ̀ lánàá. Ògiri yín dúró dáadáa. Ẹ jẹ́ ká dé ẹsẹ̀ òkè ná, ó kù díẹ̀."

Ó kù díẹ̀! Ọ̀nà wo ni kì í ku díẹ̀? Ṣùgbọ́n ojú ti ìyá náà láti tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀. Òun ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n kó o, nítorí ikú ọmọ rẹ̀ ni wọ́n sì ṣe ń la ọ̀nà náà. Ó padà sílé.

Ní àkókò yìí, Ọdẹ́tọ́lá ti fẹ́ ìyàwó mìíràn tó ń jẹ́ Abéjẹ. Ìyá Olómi ló rọ̀ ọ́ pé kó fẹ́ ẹ, ó sì gba ọmọbìnrin náà mọ́ra bí ẹni pé òun ló bí i. Màámi ni Abéjẹ náà ń pè é. Abéjẹ lóyún. Ọdún yẹn gan-an ni òjò rọ̀ bí ẹni tí inú ń bí, tí ògiri Àbíyè sì wó wọlé. Kò pariwo rárá. Wọ́n kàn jí lọ́jọ́ kan ni, wọ́n bá amọ̀ pupa níbi tí omi wà tẹ́lẹ̀. Gbogbo ìlú gbé ọkọ́ àti agbọ̀n, wọ́n ń kó amọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń kó o ni òmíràn ń ya wọlé, nítorí kò sí òkúta tí yóò dá a dúró.

Òjò dá, ẹ̀ẹ̀rùn dé, omi òjò tán nínú ìkòkò. Ni Òkè-Ọsàn bá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ pọn omi ní Ìsàlẹ̀-Odò, lórí ọ̀nà tó tẹ́jú jù lọ ní gbogbo agbègbè náà. Àwọn obìnrin ìsàlẹ̀ ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ọlọ́nà! Ọ̀nà yín mà dára o. Àbí kò ṣeé mu ni?"

Ọdẹ́tọ́lá ti kìlọ̀ fún Abéjẹ pé kó má lọ sódò, òun ni yóò máa pọn omi. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ti lọ sóko, kò sì sí ẹ̀kán omi kan nínú ilé. Abéjẹ gbé ìkòkò, Ìyá Olómi sì tẹ̀ lé e nítorí oyún rẹ̀ ti gbó. Wọn kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí ìrọbí fi dé, níbi tí òkè ti dà gẹ̀rẹ́, níbi tí àga Mojírayọ̀ ti dojú dé. Ìyá Olómi tẹ́ ìró rẹ̀ sórí iyanrìn, ó sì gbẹ̀bí ọmọ náà fúnra rẹ̀. Obìnrin ni, ó sì ké dáadáa.

Ṣùgbọ́n Abéjẹ kò gbádùn. Ètè rẹ̀ gbẹ, ojú rẹ̀ ń lọ, ó ń sọ pé, "Omi, màámi, omi." Ìkòkò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣófo. Ìyá Olómi, tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣọ́ omi, kò ní ìwọ̀nba tí yóò fi rẹ ahọ́n ọmọ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ lérí, ó sunkún.

Oko kò jìnnà síbẹ̀. Ọdẹ́tọ́lá gbọ́ igbe, ó sáré dé. Bó ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, kò béèrè ọ̀rọ̀. Ó gbá ìkòkò mú, ó sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò, ó sì sáré padà gòkè, kò fẹsẹ̀ kọ níbì kankan. Abéjẹ mu omi. Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó sì béèrè ọmọ rẹ̀.

Ìgbà náà ni Ọdẹ́tọ́lá ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ojú ọ̀nà tó dúró sí. Ó kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ lásán hú òkúta lójú ọ̀nà. "Màá tú u! Gbogbo rẹ̀ ni màá tú padà sí etí omi! Èmi ni mo gbẹ Àbíyè!"

Ìyá Olómi di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Má tú u. Tí kì í bá ṣe ọ̀nà yìí, o ò bá má tíì dé. Ọ̀nà ò ṣẹ̀ wá, Ọdẹ́tọ́lá. Èmi àti ìwọ, ọgbẹ́ ọmọ ló dí wa lójú. Èyí tó yẹ kó ṣíwájú la fi sẹ́yìn."

Ó fi omi tó kù wẹ ọmọ tuntun náà. Ó ti ẹsẹ̀ ọmọ náà méjèèjì bọ inú omi tó ṣẹ́ kù nínú ìkòkò, lẹ́yìn náà ló wá rọra fi wọ́n kan iyanrìn ojú ọ̀nà. Àwọn obìnrin tó ń ti odò bọ̀ ti pé lé wọn lórí, gbogbo wọn rí i, wọ́n sì lọ rò ó fún Baálẹ̀.

Baálẹ̀ ṣí fìlà, ó wá bẹ Ìyá Olómi níwájú gbogbo ìlú. Ó sì fi òfin lélẹ̀: òkúta omi, omi ni yóò kọ́kọ́ gbà á. Ẹni tó bá ru òkúta yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ inú Àbíyè, yóò tò ó síbẹ̀. Àyàfi bí Ìyá Olómi bá ní ó tó ni ìyókù lè lọ sójú ọ̀nà. Ọdẹ́tọ́lá, alátùn-únṣe ọ̀nà fúnra rẹ̀, ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà tí ó ń wo ẹsẹ̀ àwọn tó ń ru òkúta bọ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gbẹ, ì báà jẹ́ ìjòyè, yóò ní kó padà. Kò pẹ́ púpọ̀ tí Àbíyè tún fi sun.

Abíọ́nà ni wọ́n sọ ọmọ náà, bí a ti ń sọ ọmọ tí a bí sójú ọ̀nà. Nígbà tó tó ru nǹkan, ó gbé òkúta kékeré kan lérí, ó ń sáré bọ̀ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ tayọ̀tayọ̀, iyanrìn gbígbẹ ń kù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àwọn ènìyàn rò pé yóò gbà á lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ọdẹ́tọ́lá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ gbọn eruku ẹsẹ̀ ọmọ náà, ó sì yí i padà sí ọ̀nà Àbíyè, níbi tí Ìyá Olómi jókòó sí.

Ọ̀rọ̀ tó sọ fún ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà ló di òwe tí àwọn àgbà ń pa títí dòní, pé omi la ó kọ́ tẹ̀ ká tó tẹ iyanrìn.